Omi Tó Ń Jà Láàrin Àpáta: Àgbéyẹ̀wò Lórí Ọkọ̀ Alájẹ̀ àti Ewu Odò

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 2008, ní ìlú Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benjamin Boukpeti, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tógò, ki ìdí bọ inú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gbà ju ẹnì kan ṣoṣo lọ, ó wa ọkọ̀ náà gba àárín omi tí ń hó yeeyee kọjá, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ, èyí tí í ṣe àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Tógò gbà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè náà ti wà. Inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣẹ́ àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní Lọ́ńdọ̀nù, Jonathan Akinyemi, ẹni tí orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti fi ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá hàn wá, wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ní orúkọ Nàìjíríà. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ omi, ó sì jáde. Àwọn méjèèjì yìí jẹ́ ọmọ etíkun wa níhìn-ín, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lórí omi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú wọn: omi ilẹ̀ Faransé ni ó kọ́ ẹni ìṣáájú, omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ èkejì. Èyí ni ó mú kí ìbéèrè kan máa yọjú nígbàkigbà tí a bá sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ àti ìrìn-àjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti rí ayé: àwa tí a ní òkè, tí a ní àpáta, tí a sì ní odò tí ń gba àárín wọn kọjá, kí ni ó dé tí eré yìí kò fi sí lọ́dọ̀ wa, ṣé ó sì yẹ kí ó wà?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ọkọ̀ oríṣi méjì ni àwọn eléré yìí ń lò. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní kayak, tí orí rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ àfi ojú ihò tí atukọ̀ ń jókòó sí, tí àjẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ lójú lórí kejèèjì. Àwọn Inuit tí ń gbé ilẹ̀ yìnyín ní àríwá ayé ni wọ́n kọ́kọ́ fi awọ ẹran inú òkun ṣe é, ọdẹ ni wọ́n sì ń fi í ṣe, kì í ṣe eré. Èkejì ni ọkọ̀ rọ́bà ńlá tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí tí ó fi le, tí ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń jókòó sí etí rẹ̀, tí olórí wọn sì ń ti ìdí ọkọ̀ pàṣẹ ìgbà tí wọn yóò wà á síwájú àti ìgbà tí wọn yóò fà á sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ohun àjèjì pátápátá ni èyí, kí ó rántí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún so igi gẹdú pọ̀ mọ́ra lórí omi, tí wọ́n ń pàgọ́ kékeré sórí rẹ̀, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń bá omi bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àwọn odò ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó títí wọn yóò fi gúnlẹ̀ sí Òkò Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta. Omi tí ó tẹ́jú ni tiwọn, omi tí ó ń fò sókè ni ti àwọn eléré wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kí ènìyàn fi ara fún omi láìfi ẹ̀mí fún un, ọgbọ́n kan náà ni.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà pín omi sí ipele mẹ́fà. Ipele kìíní ni èyí tí ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ọmọdé lè wà. Ní ipele kẹta, ìgbì ti lè kún inú ọkọ̀, atukọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń yí orí ọkọ̀ padà kíákíá. Ní ipele karùn-ún, àṣìṣe kan lè gba ẹ̀mí. Ní ti ẹ̀kẹfà, àwọn ọ̀gá pàápàá a máa dúró létí bèbè wò ó, wọn a mi orí, wọn a sì gbé ọkọ̀ wọn lé èjìká gba orí ilẹ̀ kọjá. Àmọ́ ohun kan wà tí àlejò kì í tètè mọ̀ nínú ìpín yìí, ohun náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí: ipele kì í ṣe ti ibi, ti ọjọ́ ni. Ojú omi kan náà tí ó jẹ́ ipele kejì nígbà tí ọyẹ́ ń jà lè di ìkarùn-ún ní oṣù kẹsàn-án, láìjẹ́ pé òkúta kan ṣípò padà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí omi ṣe ń jà. Níbi tí ó bá ti wọ àárín àpáta méjì, ojú rẹ̀ a máa tẹ́, a máa dán, a sì máa ya ṣóńṣó tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni omi jìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n bí ṣóńṣó náà bá kọjú sí òkè odò, òkúta ni ó lúgọ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo àpáta ńlá tí ó yọrí sókè, omi a máa yí padà, a máa ṣàn jẹ́jẹ́ lọ sí ibi tí ó ti ń bọ̀, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé. Ibẹ̀ ni ibi ìsinmi atukọ̀, níbi tí ó ti lè dúró kí ó wo ohun tí ó kù níwájú. Ibi tí ó burú ni ibi tí omi ti já láti orí òkúta tàbí láti orí ògiri, tí ó wá ń yí po lábẹ́ ara rẹ̀, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá bọ́ síbẹ̀, yóò rì í, yóò gbé e yọ, yóò sì tún fà á padà wá rì. Ògiri kéékèèké tí a fi ń sé odò fún ẹ̀rọ omi, tí kò ga ju ènìyàn lọ, tí àwọn ọmọ sì ń fi ojú tín-ín-rín wò, ti pa ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn tí ń ṣe eré yìí, nítorí pé ó nà láti bèbè dé bèbè láìfi àlàfo kankan sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá há sí abẹ́ rẹ̀ láti bá jáde.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ewu odò àpáta, igi ni èmi yóò mú. Igi tí ó wó sínú odò kò ní ariwo, kò ní ìfóòfò funfun tí ojú lè rí lókèèrè; omi ń gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè bá a gba ibẹ̀, yóò há sí i bí èérí ògì ti ń há sí asẹ́, omi yóò sì máa tì í mọ́ ọn láìdákẹ́. Kí a sì mọ̀ pé agbára omi kì í lọ ní ìbámu pẹ̀lú ìyára rẹ̀ bí ojú ti ń wò ó: bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí sì nìyẹn tí omi tí kò ju orúnkún lọ fi lè gbé géńdé ọkùnrin ṣubú. Àwọn àgbà sọ pé igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó; nínú odò, ẹni tí kò bá ti òkèèrè wò ó, kò ní rí i mọ́. Ẹni tí ó bá bọ́ sínú omi tí ń sáré, kí ó dojú sókè, kí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú sí ìsàlẹ̀ odò, kí ó sì fi wọ́n máa ti òkúta. Kí ó má ṣe dìde dúró láéláé níbi tí omi ti ń ti ènìyàn, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó bá há sí àárín òkúta yóò mú un mọ́lẹ̀, omi yóò sì tẹ orí rẹ̀ ba. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi ni ó wà níwájú rẹ̀ tí kò sì sí ibòmíràn tí ó lè yà sí, kí ó yí padà, kí ó dojú dé omi, kí ó fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ lọ bá igi náà, kí ó sì gun orí rẹ̀ kí omi tó fà á wọ abẹ́ rẹ̀.

Èyí gbé wa dé ilé. Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀ Àkókó jókòó lé àpáta líle, erùpẹ̀ tí ó bo ojú rẹ̀ kò sì nípọn ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà òjò tí ó bá rọ̀ lórí òkè kì í rí ilẹ̀ wọ̀. Ojú odò ni ó ń yára lọ. Ọ̀sẹ̀, odò àgbà, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ ta ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rẹ, èyí tí Ìfọ́n jẹ́ olú-ìlú fún tí Ute sì wà nínú rẹ̀, ti orí òkúta wá láti ìhà òkè. Bí ó bá sì ti ń lọ sí gúúsù, ilẹ̀ àpáta a máa fi àyè sílẹ̀ fún ilẹ̀ yanrìn àti òkúta ẹfun irú èyí tí ó wà ní Òkèlúsè, odò náà a fẹ̀, inú rẹ̀ a rọ̀, a sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ovia, títí yóò fi dé òkun. Ògbèsè, tí ń dábùú ọ̀nà láàrin Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, bá ìwà rẹ̀ mu. Òjò agbègbè wọn a bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, a pọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, a sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà wá tagbáratagbára ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù yìí kan náà ni Ọ̀wọ̀ ń ṣe ọdún Ìgógó ní ìrántí Ọ̀rọnṣẹn, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ̀rẹ̀ngẹ́jẹ́n, tí ìlù lílù di èèwọ̀ láàrin ìlú tí agogo nìkan sì ń dún. Ṣùgbọ́n odò kò mọ èèwọ̀, ìgbà náà gan-an ni ó ń lu ìlù tirẹ̀ jù lọ.

Níhìn-ín ni ìṣòro wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú odò báyìí a fà sẹ́yìn di ọ̀gọ̀dọ̀ láàrin òkúta, ọkọ̀ kò sì lè rìn lórí rẹ̀. Nígbà òjò, kì í kún díẹ̀díẹ̀ kí ó sì dúró síbẹ̀. Ó ń fò sókè ní òru kan, ó sì ń fà sẹ́yìn ní ọjọ́ kejì. Òjò lè rọ̀ ní òkè Àkókó kí ilẹ̀ Ute gbẹ fúrúfúrú, kí oòrùn máa ràn, kí àwọn obìnrin máa fọ aṣọ létí omi, kí ọ̀gbàrá sì dé bá wọn níbẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ mìíràn ju pé àwọ̀ omi yí padà di pupa, tí ewé àti ẹ̀ka igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó kọjá. Ẹni tí kò gbà pé odò kékeré lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn ohun tí Ògùnpá, odò tí ọmọdé ń fò kọjá, fi ojú wọn rí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ti àwọn omi tí ń já láti orí òkè, Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, a kò ní pẹ́ lórí wọn: ẹwà wọn kún ojú, ṣùgbọ́n omi tí ń já bọ́ sórí òkúta gbalaja kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, níbo ni eré yìí ti fìdí múlẹ̀ ní Áfíríkà? Ibi méjì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Èkíní ni Jinja ní ilẹ̀ Ùgáńdà, níbi tí odò Náìlì ti jáde láti inú adágún Victoria. Nítorí pé adágún ńlá ni ó ń bọ́ ọ, omi rẹ̀ kì í dédé fò sókè ní òru, ohun tí afinimọ̀nà rí lánàá ni yóò sì rí lọ́la. Èkejì ni odò Zambezi nísàlẹ̀ ọ̀sọ̀rọ̀ omi Victoria, láàrin ilẹ̀ Sáńbíà àti Sìǹbábúwè, tí àwọn ará Amẹ́ríkà kan kọ́kọ́ fi ọkọ̀ rọ́bà là kọjá ní ọdún 1981. Omi ti Zambezi a máa kún, a sì máa fà, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù, kì í ṣe fún òru kan, nígbà tí ó bá sì kún dé góńgó, ní nǹkan bí oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ a ti ojú omi pa, owó ìbáà máa kọjá lọ lójú wọn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fún ní nọ́ńbà kẹsàn-án, tí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá gbé oníbàárà gba ibẹ̀ ti pokùnso òwò rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ gbà. Èmi kò rí ẹ̀rí ìmọ̀ tí ó ju èyí lọ. Kì í ṣe ìgboyà ni ó sọ wọ́n di ọ̀gá, bí kò ṣe pé wọ́n mọ ọjọ́ tí a kì í wọ omi.

A kò lè sọ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní odò tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Odò Ọya wà, odò ìyá ọlọ́mọ mẹ́sàn-án, aya Ṣàngó, òun náà sì ti fi ìgbà kan ní ojú omi olókùúta tí ó burú gidigidi, ní Bùsà ní ilẹ̀ Bàrùbá. Ibẹ̀ ni Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, kú sí ní ọdún 1806, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ há sí àárín àpáta tí àwọn ará ilẹ̀ sì dojú ìjà kọ ọ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, nítòsí Jẹ́bbà, àpáta la ọkọ̀ Dayspring ní oṣù kẹwàá ọdún 1857. Nínú ọkọ̀ náà ni Àjàyí Crowther wà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, àti Glover, ẹni tí ó la ilẹ̀ Yorùbá já títí dé Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́, tí ó sì di gómìnà Èkó lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Bí ọkọ̀ ńlá tí ẹ̀rọ ń wà kò bá rí ojú omi náà lò, ọkọ̀ igi gbígbẹ́ ti àwọn ará etí odò ń lọ, ó ń bọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, nítorí pé wọ́n mọ oṣù tí òkúta kọ̀ọ̀kan ń yọrí. Ìsédò Kàínjì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1964 tí wọ́n sì parí ní 1968, ni ó bo àpáta Bùsà mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìsédò Bujagali ti bo ọ̀sọ̀rọ̀ omi Bujagali ní Jinja ní ọdún 2011. Iná mànàmáná ni a fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná náà bá ń tàn déédéé ni, ẹnu ì bá kọ̀ láti ráhùn.

Ṣùgbọ́n omi tí kò fò sókè mọ́ kò di omi tí kò léwu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òru lórí odò Ọya yìí kan náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará ìhà Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kúwárà, wà nínú ọkọ̀ igi kan tí ó kún àkúnya. Ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi kan tí omi bò mọ́lẹ̀, ó là sí méjì, àwọn tí ó sì kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọdún méjì ṣáájú èyí, ọkọ̀ tí kò yẹ kí ó gbé ju ọgọ́rin ènìyàn lọ gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì iye náà lọ sí Wárà ní ìpínlẹ̀ Kébbì, ó sì rì. Kò sí ìgbì níbẹ̀, kò sí àpáta, kò sí ìfóòfò kankan tí ẹ̀rù rẹ̀ lè ba ènìyàn. Bí a bá gbé àwọn ikú wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn eléré orí omi tí ń hó, a ó rí i pé omi tí ń pariwo ni a bẹ̀rù, omi tí ó dákẹ́ sì ni ó ń pa wá. Ẹni tí ń wọ omi ipele kẹrin ní Zambezi wọ ẹ̀wù tí kò jẹ́ kí ó rì, ó dé àkẹtẹ̀ líle sórí, ẹnì kan sì dúró sí etí bèbè tí ó di okùn ìgbàlà mú de ìgbà tí yóò jù ú sí i. Ìyá tí ń sọdá odò lọ sóko ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ tí ń rí sí ọ̀nà omi abẹ́lé sílẹ̀ láti ọdún 1997, òfin láífù jákẹ́ẹ̀tì sì wà. Ṣùgbọ́n òfin tí kò dé etí omi ní Ute, ilé ni ó jókòó sí.

Nítorí náà èrò tèmi kò pa mọ́. Kí àwọn tí ń kọ ìwé ètò ìrìn-àjò afẹ́ fún ìjọba má ṣe ya àwòrán ọkọ̀ rọ́bà sórí odò Ọ̀sẹ̀ kí wọ́n sì pè é ní ọrọ̀ ajé. Odò tí àkókò ìlò rẹ̀ kúrú, tí àkókò kúkúrú náà sì jẹ́ ìgbà tí ó léwu jù, kò lè gbé òwò. Ohun tí ó yẹ kí a yá lọ́wọ́ àwọn eléré náà ni ìṣọ́ra wọn, ọkọ̀ wọn lè dúró. Kí a kun àmì ìwọ̀n sára òpó àfárá ní ọ̀dà funfun àti pupa, kí gbogbo ará ìlú lè mọ̀ pé bí omi bá ti dé ibi pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọdá. Kí ẹni tí ó wà ní òkè odò máa fi fóònù ta àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ lólobó nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀. Kí okùn gígùn kan wà ní ilé ẹni tí ó sún mọ́ omi jù. Owó ọ̀dà àti owó okùn kò tó owó àsè ìfilọ́lẹ̀ ètò kan ṣoṣo. Àgbà kan ní Ute lè sọ pé òun ti ń wẹ̀ nínú odò yìí láti kékeré, òdodo ni ó sì sọ. Síbẹ̀ òmùwẹ̀ ni ń bá omi lọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í dé ibú.

Bí ọ̀dọ́ kan bá sì wà tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e láìdán an wò, tí ó ra kayak láti ìlú òyìnbó wá sílé, oṣù kọkànlá ni kí ó mú, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí omi ṣì ń ṣàn, tí ó sì ti mọ́ tó kí òkúta hàn nínú rẹ̀. Kí ó má dá nìkan lọ. Kí ó wá apẹja kan tí ń dẹ ìgèrè níbẹ̀, kí ó fún un lówó ọjọ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin bèbè odò náà láti ibi tí yóò ti wọ omi títí dé ibi tí yóò ti jáde, nítorí pé igi tí ọ̀gbàrá oṣù kẹsàn-án wó sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá.